Àlejò Ọjọ́ Méje

Ìró omi ló máa ń jí mi nígbà tí a wà ní ilé yẹn ní Muṣin. Kì í ṣe ìró òjò o, omi tí ìyá mi ń dà sórí asẹ́ ni. Ògì ló ń ṣe tà. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìkángun òpópónà wa, ìyá mi á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ike ńlá á wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa fọwọ́ po àgbàdo lílọ̀ lórí aṣọ asẹ́, omi funfun á máa ṣàn sísàlẹ̀. Òórùn ògì kíkan yẹn wà lára aṣọ wa, ó wà lára ìwé wa, ó wà lára búrẹ́dì tí a ń mú lọ sílé ìwé. Múínà Ológì ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, mo sì ti bá ọmọ mẹ́ta jà lórí orúkọ yẹn. Èmi náà nìyí lónìí, mo ti di ẹni tó ń wọ bàtà gíga lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi àgbà ti tó bí mo ṣe tó nígbà náà. Síbẹ̀, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀ ló ń dá a dúró.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé náà, fúláàtì mẹ́fà kéékèèké, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Tiwa wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, yàrá kan, pálọ̀ kan, àti kíṣìnnì tí èèyàn méjì kò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Mítà iná kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Kànga ẹ̀rọ kan ló wà, pẹ̀lú táńkì dúdú kan tó ń jò. Àlájì tó ni ilé, tí òun náà ń gbé lókè, ló ń san owó iná àti ti omi láti inú owó ilé tí a ń san fún un, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó máa ń sọ pé, “Omi ò lọ́tàá. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òrùlé mi ò ní ra omi mu.” Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Á dúró sí báákónì pẹ̀lú jalamíà funfun, á máa kígbe sísàlẹ̀ pé, “Ta ló tan iná ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan? Ṣé oòrùn ò tó yín ni?” Àwa ọmọdé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ó sì sáré lọ pa iná. A kò mọ̀ pé ariwo ẹnu yẹn ni gbogbo owó tí a ń san lórí iná.

Àlájì kú ní ọdún tí mo ń wí yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ló jogún ilé. Kò tíì ju ogójì ọjọ́ lọ tí lẹ́tà fi dé láti ọwọ́ ẹni tó ń bá a bójú tó ilé. Bàbá Tísà ló kà á fún wa lẹ́yìn ilé. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni, òun nìkan ló ń gbé fúláàtì àárín lókè, gbogbo ilé ló sì gbà pé kò lè rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́tà náà kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a bá wọn ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní owó ilé kò yí padà rárá, àfi pé láti oṣù tó ń bọ̀, owó iná, owó tí ẹ̀rọ fi ń fa omi, àti owó àwọn tó ń wá kó ẹ̀gbin inú sọ́kàwè, ọrùn ayálégbé ló wà. Kí a pín in láàárín ara wa bó bá ṣe tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín pé owó ilé kò yí padà lóòótọ́, àwọn ìyókù náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú toun tẹ̀rín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wáyà iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní Ládìpọ̀, ọkọ̀ kò sì wọlé fún un dáadáa láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé tí wọ́n fi pín in yẹn, mo jókòó lẹ́yìn ìyá mi, mò ń ṣa àgbàdo, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan san iye kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dá gbé fúláàtì iwájú ní kò ní ṣeé ṣe, kí òun nìkan wá san iye tí ẹni tó bímọ méje ń san. Wọ́n ní kí a ka fáànù àti fíríìjì. Ẹni tó ní fíríìjì fárígá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wo ike ìyá mi, ó ní, “Àwọn tó ń fi omi ṣòwò ńkọ́? Omi tí mo fi ń bọ́jú àti omi ògì, ṣé ọ̀kan náà ni?” Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ń fa etí ìró rẹ̀, ó ń fà á bí ẹni tó fẹ́ ya á. Bàbá Tísà ló gbà á sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò sí nínú rẹ̀, a kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni. Orí la ó fi pín in. Ẹnu tó bá ń mu omi nínú ilé ni kó san owó omi, tọmọdé tàgbà.

Ìyá Bíọ́lá, tí fúláàtì rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó jẹ́ pé òun ló bí ọmọ méje, fò dìde. “Ẹ̀hẹ́n! Tèmi lẹ wá fẹ́ kà báyìí? Bàbá Tísà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!”

Bàbá Tísà ní, “Ìyá Bíọ́lá, ẹ jókòó. Ọmọ kọ́ la máa kà, ẹnu la máa kà.”

“Ẹnu ọmọ mi ò sí lára ọmọ mi ni?”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé owó ló ń dùn ún, kì í ṣe òfin àwọn baba wa. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti wá dàgbà, mo sì ti ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ jẹ́ òótọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó sọ ọ́ ń wá tara rẹ̀. Ìjọ́ yẹn, mẹ́san-án ni wọ́n kọ fún Ìyá Bíọ́lá. Nígbà tó kan ìyá mi, ó ní, “Mẹ́rin ni wá.” Kò purọ́. Bàbá mi, òun fúnra rẹ̀, èmi, àti Làtífù àbúrò mi. Rùká, àbígbẹ̀yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá ìyá wa ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí pé iṣẹ́ ògì kò jẹ́ kí ìyá mi ráyè tirẹ̀. Bàbá Tísà kọ iye orí gbogbo ilé sára páálí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi mítà. Ó tún ṣe òfin kan sí i. Kò sẹ́ni tó ní kí èèyàn má gba àlejò, ṣùgbọ́n àlejò tó bá lo ju ọjọ́ méje lọ, ó ti di ará ilé, owó oṣù yẹn á kàn án.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá ìyá mi fi ṣaláìsí. Àwọn òbí wa lọ sin ín, Rùká sì bá wọn padà wálé. Mo rántí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, orí rẹ̀ ní ṣùkú, eyín iwájú méjì ti yọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Ìyá Bíọ́lá ló kọ́kọ́ gbé e. Òun náà ló gbẹ̀bí rẹ̀ nínú pálọ̀ wa, lọ́jọ́ tí ọmọ kò fẹ́ dúró de ọsibítù. Ó ní, “Ọkọ mi! Ọkọ mi ti dé! Ṣé o ti wá dúró nìyẹn?” Ìyá mi yára dá a lóhùn kí Rùká tó lanu. Ó ní, “Rárá o, ó kàn wá kí wa ni. Ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi ló ń padà sí.” Mo wo ojú ìyá mi. Ó tẹjú mọ́ mi títí mo fi wolẹ̀.

Owó orí kan ṣá ni, mo mọ̀. Mo ti fi ojú àgbà wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń kéré sí i bí mo bá ṣe ń dàgbà sí i. Nígbà yẹn, iye tí ìyá mi fi ń ra àgbàdo ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìdí kejì kò sì jẹ́ ti owó. Ẹ̀rù ń bà á. Fífi orí pín in yẹn ló gba òwò rẹ̀ là. Bí ìjà bá tún bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kí a padà lọ wọn omi, ike méjì rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀n. Kò fẹ́ kí orúkọ wa tún jáde nínú ìpàdé kankan. Bàbá mi bá a jiyàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Ìyá Múínà, ọmọ mi kì í ṣe àlejò.” Ìyá mi ní, “Ẹ mú owó orí karùn-ún wá nígbà náà, Bàbá Múínà, kí n lọ gbé e fún Bàbá Tísà báyìí.” Bàbá mi bu omi sínú bútà rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Mo bínú sí i fún ọdún púpọ̀ nítorí àlùwàlá yẹn.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti tilé ìwé dé, ìyá mi á wẹ Rùká, á wọ aṣọ ìjáde fún un, á kó aṣọ méjì sínú báàgì kan, èmi ni màá sì mú un lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Sìnátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń ta búrẹ́dì létí ọ̀nà ní Costain. Ní ọjọ́ Àìkú, Àǹtí Sìnátù á dá wọn padà fún wa. Mo sọ pé “wọn” nítorí pé báàgì yẹn ti di ẹnì kejì Rùká. Kò pé ọjọ́ méje rí. Ìyá mi ti kọ́ wa ní ohun tí a ó máa sọ bí ẹnikẹ́ni bá bi wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Ó wá kí wa ni. Àlejò wa ni. A sọ ọ́ títí ó fi yọ̀ lẹ́nu wa. Rùká kọ́kọ́ fi ṣeré. Á lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á ní, “Mo ti ń lọ o. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé,” bí ìyá arúgbó. Ìyá mi náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ ọ́ sókè kí wọ́n lè gbọ́ lókè pé, “Ó dàbọ̀ o, kí wọn fún wa o!” Ọ̀dọ́mọkùnrin fúláàtì iwájú á ju bisikíìtì sí i. Ọjọ́ Àìkú, á tún wọlé pẹ̀lú báàgì, wọ́n á ní, “Ẹ kú àbọ̀, àlejò.”

Gbogbo ilé ló mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé gbogbo ilé ló mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní àbúrò méjì tó máa ń “wá kí i” láti Monday dé Friday. Ẹni tó ní fíríìjì ní ìyá tí kò tíì pé ọjọ́ méje láti ọjọ́ tó ti dé. Bàbá Tísà kò sí lára àwọn aláìmọ̀, ó kàn tẹ̀ lé òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni. A ń purọ́ fún ara wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ilé tó jẹ́ pé bí ọmọ bá sunkún nísàlẹ̀, ẹni òkè ló máa ń bá a wí, ó di ilé tí oníkálukú ń ka ẹsẹ̀ tó ń gòkè àtẹ̀gùn. Nígbà Àlájì, a máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ní ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ ní ilé wa lọ́sàn-án.

Rùká ló kọ́kọ́ ṣíwọ́ eré. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ń di ògì sínú ọ̀rá, mò ń bá a so ó, Rùká dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, “Ìyá Múínà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mu omi?”

Mọ́mì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pe ìyá wa. Ìyá Múínà, ará ìta ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kò gbójú sókè. Ó ní, “Kí lo pè mí?” Rùká tún un sọ, kò sì sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀, ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fúnni ni. Ó ní Bíọ́lá ti sọ fún òun pé àwọn tó wà nínú páálí nìkan ló ni omi. Ìyá mi ní kó lọ bu omi mu jàre, kó má da òun láàmú. Ó ń di ògì lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rá tó dì lẹ́yìn ìyẹn ló ń tú, èmi ni mo tún wọn so.

Nígbà tó fi di oṣù kẹrin tí a ti ń pín owó, ọyẹ́ ti dé, owó iná ti gun òkè. Ẹnu tó ń san án ni wọ́n tún pín in fún. Ìyá Bíọ́lá kò lè mú un mọ́ra. Ó dúró sẹ́yìn ilé ní àárọ̀ ọjọ́ Thursday kan, ó ń fọṣọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́: “Tèmi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á bí ẹyin. Àwọn kan, àlejò ni wọ́n ń bí. No wahala. Lọ́la Jímọ̀, géètì ni mo máa jókòó sí. Mo fẹ́ fojú mi rí àlejò tó ń lọ. Tí n ò bá rí i, kí Bàbá Tísà mú bírò rẹ̀.” Ìyá mi ń sẹ́ ògì níbẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà sí i lọ. Mo rí i pé ó gbọ́.

Ara Rùká gbóná mọ́jú ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Nígbà tí mo tilé ìwé dé, ó wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ń dán, ètè rẹ̀ gbẹ. Ìyá mi ti fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, ó ti fi aṣọ tútù nù ún lára. Ó wọ aṣọ ìjáde fún un bó ṣe dùbúlẹ̀. Rùká ní, “Ìyá Múínà, ẹ jẹ́ kí n sùn síbí lónìí. Mi ò ní mu omi.” Ìyá mi gbé e dìde dúró, ó so bàtà rẹ̀. Ó ní tí a bá ti dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìnátù, kí ó mú un lọ sí kẹ́mísìtì, òun náà á wá ní ìrọ̀lẹ́ bí òun bá ti ta ògì tán. Ó fi owó kẹ́mísìtì sí mi lọ́wọ́. Mo kà á ní ọ̀nà. Ó ju owó orí kan lọ.

Ìyá Bíọ́lá jókòó sí géètì lóòótọ́, ó ń bó ẹ̀gúsí. Rùká kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe, kò sì lè dìde. Ìyá Bíọ́lá di apá rẹ̀ mú láti gbé e, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. “Háà! Ọmọ yìí gbóná o! Ìyá Múínà, ẹ wá wò ó, ara ọmọ yìí ń jó!”

Ìyá mi wà lẹ́yìn wa. Ó ní, “Oòrùn ni.”

“Oòrùn wo nínú ọyẹ́? Ẹ dá a padà sílé jàre, ẹ jẹ́ kó sùn.”

“Kí ẹ lè pe Bàbá Tísà pé kó mú bírò wá?”

Ọwọ́ Ìyá Bíọ́lá ṣì wà ní ọrùn Rùká. Ká ní ó tún sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni, mo gbà pé ìyá mi ì bá yí padà, nítorí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí ìyá mi náà bá sì dúró díẹ̀ sí i, Ìyá Bíọ́lá ì bá sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ti jọ jẹun nínú abọ́ kan rí. Ṣùgbọ́n ìyá mi sọ ọ́ sókè, kí wọ́n lè gbọ́ lókè, pé, “Ó dàbọ̀ o, kí wọn fún wa o.” Mo pọn Rùká, mo fi báàgì kọ́ apá, a sì lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì láti Ojúẹlẹ́gba, ó gbé orí lé itan mi. Ó ní, “Múínà, ìgbà wo ni mi ò ní jẹ́ àlejò mọ́?” Mo ní tí Bàbá bá rí iṣẹ́ ńlá ṣe. Ó ní ṣé iṣẹ́ ńlá ti ń bọ̀. Mo ní ó ti ń bọ̀. Nígbà tí a dé Costain, Àǹtí Sìnátù kò sí nídìí ọjà rẹ̀, ó ti lọ kó búrẹ́dì. Obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò mọ̀ wá dáadáa, fún wa ní bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí ara Rùká bẹ̀rẹ̀ sí í gan, ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ pa dé. Obìnrin ọlọ́sàn náà pariwo, “Gìrì! Gìrì ti mú un!” Ó gbé e jù sínú kẹ̀kẹ́, èmi náà kó wọlé, ó di ọsibítù.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa kíá. Obìnrin ọlọ́sàn náà sáré padà lọ wá Àǹtí Sìnátù. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí pẹ̀lú káàdì, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Ó fi sùúrù bi mí. Kí ni orúkọ rẹ̀? Mo sọ ọ́. Níbo ló ń gbé? Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wò mí, ó wo ojú mi dáadáa, nítorí pé èmi àti Rùká jọra. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́, kí lo jẹ́ sí i? Ṣé àbúrò ẹ ni?”

Mo ní, “Rárá, mà. Àlejò wa ni.”

Mo mọ nọ́ńbà fóònù bàbá mi lórí. Mo mọ àdírẹ́sì wa, mo lè kọ ọ́ láìwòwé. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú káàdì yẹn, ó lè dé ọ̀dọ̀ Bàbá Tísà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mọ́kànlá máa ń rò. Wákàtí kan gbáko ni mo fi jókòó síbẹ̀ kí Àǹtí Sìnátù tó dé, kó tó gbá mi létí, kó tó pe bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi fi máa dé láti Ládìpọ̀, pẹ̀lú ọ̀rá gírísì lọ́wọ́, Rùká ti kú. Ìyá mi ni ó dé kẹ́yìn. Dókítà sọ fún bàbá mi pé ibà náà ti wọ ọpọlọ kí a tó dé, pé wákàtí yẹn kò lè yí ohunkóhun padà. Bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà yẹn. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n máa rí oorun sùn ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó kú láìsí òbí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo sì sọ fún wọn pé kò ní òbí ní Èkó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́, Ìyá Bíọ́lá ló kọ́kọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ ó ń kán sínú omi, kò nù ún. Bàbá Tísà fúnra rẹ̀ tan ẹ̀rọ omi, kò sì pa á. Táńkì kún, ó ń ṣàn sílẹ̀, omi gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó máa san án. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó gun òkè tán. Lẹ́yìn náà, ilé dákẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi kò rẹ àgbàdo, n kò sì gbọ́ ìró omi ní àsùbáà. Làtífù bi mí bóyá Rùká máa dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo nà án, mo sì tún gbá a mọ́ra, n kò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Ìparí oṣù dé bó ṣe máa ń dé. Bàbá Tísà ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń bèèrè iye orí kí ó tó pín owó. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa kó tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó wọlé, kò jókòó. Ó ní, “Ìyá Múínà, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ǹ bá má wá. Ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn oníná . . .” Ó wúkọ́. “Ẹ ẹ̀ ní láti sọ nǹkan kan. Mẹ́rin náà ni mo máa kọ.”

Ìyá mi jókòó nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, “Márùn-ún ni wá.”

Bàbá Tísà wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Bàbá Tísà rọra sọ pé, “Ìyá Múínà, ẹ ṣe sùúrù. Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á.”

“Mo mọ̀, Bàbá Tísà. Ẹ kọ márùn-ún. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí.”

Ó kọ ọ́. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó orí márùn-ún sílẹ̀, ó fi tì í. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún sọ márùn-ún. Oṣù kan wà tí kò sí owó àgbàdo, tí a jẹ gààrí láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sọ márùn-ún. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn nínú ilé yẹn, kò sì sẹ́ni tó dín in kù fún un. A tún lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí a tó kó lọ, ìyá mi kò sì pa oṣù kan jẹ lára owó Rùká.